Orúkọ Àlẹ̀mọ́ àti Ìyọ̀ǹda Ìmọ̀: Ta Ni Ó Ni Ẹ̀yà Ọkọ̀ Akẹ́rù Oníná?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ sórí ọmọ ènìyàn nìkan. Ẹ̀rọ náà ní orúkọ, ó sì ní ilé tí a bí i sí. Ṣùgbọ́n ní ayé òde òní, ẹ̀rọ púpọ̀ ni ó wà tí orúkọ ara wọn kò bá ilé tí a bí wọn sí tan. Ilé-iṣẹ́ kan ni yóò ṣe ẹ̀rọ, ilé-iṣẹ́ mìíràn ni yóò lẹ orúkọ tirẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹni tí ó rà á kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, orúkọ ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ ni ó wà lára rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó fi ṣe é jẹ́ ti ẹlòmíràn tí ń gba owó lórí rẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ òní dá lé lórí. A lè pe ti àkọ́kọ́ ní orúkọ àlẹ̀mọ́, kí a sì pe èkejì ní ìyọ̀ǹda ìmọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ń fi iná mànàmáná rìn ni yóò jẹ́ àpẹẹrẹ.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ará Èkìtì bí ènìyàn ti lè rò. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Adó-Èkìtì, tí ó gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá, tí ó wo òkè Olósùnta lókèèrè, yóò ti gbọ́ bí lọ́rì tí ó ru símẹ́ńtì tàbí igi gẹdú ti máa ń kérora bí ọ̀nà bá gòkè. Bí irú lọ́rì bẹ́ẹ̀ bá di oníná lọ́la, àwọn ẹ̀yà tí yóò gbé e gun òkè, tí yóò sì dì í mú nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe ohun tí a lè fi ojú lásán mọ ẹni tí ó ṣe wọ́n. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kùnà lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀mí lè bá a lọ. Ta ni a ó pè? Ṣé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ ni, tàbí ẹni tí ó ṣe é? Ta ni ó sì ní ìmọ̀ láti tún un ṣe? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Pólì Ìjọba Àpapọ̀ ní Adó-Èkìtì àti ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà lára àwọn tí ìbéèrè yìí ń dúró dè.

ÀWỌN Ẹ̀YÀ TÍ Ń MÚ ỌKỌ̀ ONÍNÁ RÌN

Kí a tó mọ ohun tí a ń rà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ń jẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù oníná kò ní ẹ́ńjìnnì tí ń jó epo. Bátìrì ńlá ni ó dípò táńkì epo. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ bátìrì kéékèèké ni a so pọ̀ di ọ̀kan nínú rẹ̀, kẹ́míkà inú wọn ni ó sì ń tọ́jú agbára pamọ́. Lẹ́yìn bátìrì ni ínfátà, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ní Adó-Èkìtì ti mọ̀ dáadáa nítorí pé iná ìjọba kì í dúró. Iná tí ń ti inú bátìrì jáde, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ń ṣàn sí. Ínfátà ni ó ń sọ ọ́ di iná tí ń lọ tí ń bọ̀, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì oníná lè lò. Ti inú ọkọ̀ lágbára ju ti inú ilé lọ, ó sì tún ń pinnu bí ẹ́ńjìnnì yóò ti yára tó àti bí yóò ti fi agbára tó.

Ẹ̀yà kẹta ni ẹ́ńjìnnì oníná fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ̀ bá wà lórí ìdúró ni ó ti lè fi agbára ńlá yí táyà, èyí tí ó wúlò fún ibi tí òkè bá pọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, a lè yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Táyà ni yóò máa yí i, òun náà yóò máa pèsè iná padà sínú bátìrì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn kí ó má baà sáré jù. Ẹ̀kẹrin ni jíà àti ọ̀pá tí ń gbé agbára náà dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹ̀karùn-ún kò ṣeé fọwọ́ kàn: àwọn àṣẹ tí a kọ sínú kọ̀ǹpútà kéékèèké tí ń darí gbogbo wọn. Irin lásán ni ẹ̀yà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yòókù bí kò bá sí ti ìkarùn-ún yìí.

Ó ṣọ̀wọ́n kí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ṣe gbogbo ẹ̀yà márààrún. Owó tí yóò ná wọn pọ̀, ìmọ̀ tí wọ́n gbà sì yàtọ̀ síra. Nítorí náà ni àwọn tí ń kan ọkọ̀ fi máa ń ra ẹ̀yà lọ́wọ́ ara wọn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọ̀ràn wà nínú irú àdéhùn tí wọ́n fi rà á.

ORÚKỌ ÀLẸ̀MỌ́

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá kan tí ń ta búrẹ́dì. Kò ní ààrò. Ó lọ sí ilé ìyan-búrẹ́dì, ó ní kí wọ́n máa yan ọgọ́rùn-ún fún òun lójoojúmọ́, kí wọ́n sì fi wọ́n sínú ọ̀rá tí a tẹ orúkọ òun sí. Àwọn oníbàárà rẹ̀ fẹ́ràn búrẹ́dì náà, wọ́n sì ń pe orúkọ rẹ̀ káàkiri ìlú. Kò jalè, kò parọ́. Onílé ìyan-búrẹ́dì náà dunnú nítorí pé ọjà rẹ̀ ń tà. Ohun tí ń jẹ́ orúkọ àlẹ̀mọ́ nìyẹn. Bí ilé-iṣẹ́ tí ń kan ọkọ̀ akẹ́rù bá ra ínfátà tàbí bátìrì tí ẹlòmíràn ṣe, tí wọ́n sì jọ fẹnu kò pé orúkọ ẹni tí ó rà á ni yóò wà lára rẹ̀, bákan náà ni ó rí.

Èrè ọ̀nà yìí hàn kedere. Ó yá, owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ẹni tí ó ra ọkọ̀ sì mọ orúkọ tí yóò pè bí nǹkan bá bàjẹ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìmọ̀ kò tẹ̀ lé ọjà. Bí onílé ìyan-búrẹ́dì bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́la, orúkọ nìkan ni yóò kù lọ́wọ́ ìyá wa, orúkọ kò sì ṣeé jẹ.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ilé-iṣẹ́ Proterra ní Amẹ́ríkà ń kan bọ́ọ̀sì oníná, ó sì ń ta bátìrì àti ẹ̀yà ìrìn fún àwọn mìíràn tí ń kan ọkọ̀ ńlá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ó wọ ilé-ẹjọ́ lọ fún ààbò nítorí gbèsè, a sì ta àwọn ẹ̀ka rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ilé-iṣẹ́ Volvo ni ó ra ẹ̀ka bátìrì. Ẹni tí ó ti gbára lé Proterra fún ẹ̀yà ọkọ̀ ní láti lọ bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kejì kọ́ni ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, àwọn olùṣèwádìí ọjà ìpín-ìdókòwò tí ń jẹ́ Hindenburg Research gbé ìwé kan jáde nípa ilé-iṣẹ́ Nikola, tí ń ṣe ọkọ̀ akẹ́rù oníná ní Amẹ́ríkà. Wọ́n sọ pé nínú fíìmù kan tí Nikola fi ń ṣe àfihàn ínfátà tí ó ní òun fúnra òun ṣe, ọ̀já àlẹ̀mọ́ ni a fi bo orúkọ ilé-iṣẹ́ Cascadia tí ó ṣe é ní ti gidi. Nikola fèsì pé ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń kan ọkọ̀ láti lo ẹ̀yà ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ àdánwò. Òtítọ́ ni pé ó wọ́pọ̀. Rírà kò ní ẹ̀bi nínú. Ohun tí ó fa àríyànjiyàn ni ìbòmọ́lẹ̀, nígbà tí àwọn tí ń fi owó wọn dókòwò ń rò pé ìmọ̀ náà ti wà nílé. Ní ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ dá olùdásílẹ̀ Nikola, Trevor Milton, lẹ́bi pé ó tan àwọn olùdókòwò jẹ. Ààrẹ Amẹ́ríkà dárí jì í ní 2025, ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún náà ni Nikola fúnra rẹ̀ ti lọ sí ilé-ẹjọ́ pé òun kò lè san gbèsè mọ́.

Òfin pẹ̀lú kò fi ojú fo ẹni tí ó lẹ orúkọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 1987 sọ pé ẹni tí ó bá fi orúkọ rẹ̀ sára ọjà tí ó sì ṣe bí ẹni pé òun ni ó ṣe é, òun ni yóò dáhùn bí ọjà náà bá ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Ní Nàìjíríà, òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 di ẹrù jàǹbá tí ọjà alábùkù bá fà lé ẹni tí ó tà á lórí. Ẹni tí ó bá gba ògo orúkọ, ó yẹ kí ó mọ̀ pé òun ti gba ẹ̀bi rẹ̀ náà.

ÌYỌ̀ǸDA ÌMỌ̀ ÀTI ÌṢÁKỌ́LẸ̀

Ọ̀nà kejì dàbí ọ̀ràn ilẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àlejò tí ó bá fẹ́ dáko lè tọ onílẹ̀ lọ. Onílẹ̀ kì yóò ta ilẹ̀ fún un. Yóò yọ̀ǹda kí ó máa lò ó, àlejò náà yóò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ní ìmọ̀ bí a ti ń ṣe bátìrì tàbí ínfátà lè ṣe bákan náà. Ó lè yọ̀ǹda fún ilé-iṣẹ́ mìíràn láti máa fi ìmọ̀ náà ṣe ẹ̀rọ, kí ó sì máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ó bá tà. Ìmọ̀ yìí lè jẹ́ ohun tí òfin ti fún olùpilẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lé lórí, ó lè jẹ́ àwòrán ẹ̀rọ, ó lè jẹ́ àwọn àṣẹ inú kọ̀ǹpútà, tàbí àṣírí iṣẹ́ tí a kò kọ síta.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ọ̀ràn ilẹ̀ yóò béèrè ìbéèrè kan: ṣé àlejò lè gbin kòkó? Iṣu àti àgbàdo kì í pẹ́ lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n kòkó ń pẹ́, ẹni tí ó gbìn ín sì ń di ẹni tí ó ní gbòǹgbò. Ìjà púpọ̀ ti ṣẹlẹ̀ lórí èyí. Nínú ìyọ̀ǹda ìmọ̀, kòkó náà ni àtúnṣe tí ẹni tí ó gba ìyọ̀ǹda bá ṣe fúnra rẹ̀. Bí onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Nàìjíríà bá rí ọ̀nà tí bátìrì kì yóò fi gbóná jù nínú ooru wa, ta ni ó ni ọgbọ́n yẹn? Àwọn àdéhùn kan wà tí ó sọ pé ti onílẹ̀ ni, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìtàn bátìrì kan fi hàn bí ọ̀rọ̀ inú àdéhùn ti lè sọ orílẹ̀-èdè di ọlọ́rọ̀. Ní àwọn ọdún 1990, John Goodenough àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas ṣàwárí bí a ti lè fi irin àti fọ́sífétì ṣe bátìrì lithium. Goodenough wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019 fún iṣẹ́ lórí bátìrì lithium. Hydro-Québec ti ilẹ̀ Kánádà àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ ìmọ̀ yìí wá wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbà pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣáínà máa ṣe bátìrì náà láìsan ìṣákọ́lẹ̀, bí ó bá ti jẹ́ pé ní Ṣáínà ni wọ́n ti ń lò ó. Àwọn ará Ṣáínà kò fi àǹfààní náà ṣeré. Wọ́n kọ́ iṣẹ́, wọ́n ṣe àṣìṣe, wọ́n tún un ṣe, wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Nígbà tí púpọ̀ nínú ẹ̀tọ́ náà fi parí ní 2022, àwọn ni ó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ ní ayé.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e yẹ ní àfiyèsí. Ní oṣù kejì ọdún 2023, Ford ti Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò kọ́ ilé-iṣẹ́ bátìrì sí ìpínlẹ̀ Michigan, ìmọ̀ ilé-iṣẹ́ CATL ti Ṣáínà ni yóò sì gba ìyọ̀ǹda láti lò níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, Accelera tí ó jẹ́ ẹ̀ka Cummins, pẹ̀lú Daimler Truck àti PACCAR, kéde pé àwọn yóò para pọ̀ ṣe bátìrì fún ọkọ̀ akẹ́rù ní Amẹ́ríkà. EVE Energy ti Ṣáínà ni yóò mú ìmọ̀ wá. Ìdá 10 nínú 100 ni ìpín EVE, ìdá 30 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yòókù. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ iṣẹ́ àná ṣe di ọ̀gá lónìí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Amẹ́ríkà pàápàá kò tijú láti yá ọgbọ́n.

OHUN TÍ OJÚ NÀÌJÍRÍÀ TI RÍ

Nàìjíríà kì í ṣe àjèjì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní àwọn ọdún 1970, Ìjọba Àpapọ̀ bá àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ṣe àdéhùn láti máa to ọkọ̀ pọ̀ nílẹ̀ yìí. Peugeot wá sí Kàdúná, Volkswagen wá sí Èkó, méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Ní ti ọkọ̀ akẹ́rù, Leyland wá sí Ìbàdàn, Mercedes sí Enugu, Steyr sí Bauchi, Fiat sí Kano. Ìrètí ìjọba ni pé díẹ̀díẹ̀ ni a ó máa ṣe àwọn ẹ̀yà náà níhìn-ín. Ṣùgbọ́n inú àpótí ni ẹ̀yà ti ń dé láti òkèèrè, iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù níbí sì ni títò wọ́n pọ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dínkù, tí iye náírà sì já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ti 1986, owó àpótí náà ga ju agbára lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà dẹnu kọlẹ̀, nítorí pé orúkọ àti irin ni ó wọlé, ìmọ̀ kò bá wọn wọlé tó.

Ní ọdún 2020, inú ọgbà tí Volkswagen ti ń to ọkọ̀ nígbà kan rí ní Èkó ni a ti ṣe àfihàn ọkọ̀ oníná Hyundai Kona tí ilé-iṣẹ́ Stallion tò pọ̀. Ilẹ̀ kan náà ni, ẹ̀rọ ti yí padà. Ìbéèrè náà kò yí padà.

Àwọn tí ó ṣòfin kò sùn pátápátá. Ní 1979, ìjọba ṣe òfin tí ó dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa yẹ àdéhùn ìmọ̀ ẹ̀rọ láti òkèèrè wò. Ní 1992 ni a yí orúkọ àjọ náà padà sí èyí tí a mọ̀ sí NOTAP. Òfin náà ní kí a forúkọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láàárín 60 ọjọ́ tí a bá ṣe é, a kò sì gbọdọ̀ fi ìṣákọ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí òkèèrè nípasẹ̀ báǹkì bí kò bá sí ìwé-ẹ̀rí àjọ náà. Àjọ náà lè kọ àdéhùn bí ìmọ̀ tí a fẹ́ rà bá ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ nílẹ̀ yìí, bí owó rẹ̀ bá ju ohun tí a ń rà lọ, tàbí bí àdéhùn bá ní kí a dá àtúnṣe tí a fi ọgbọ́n ara wa ṣe padà fún onílẹ̀. Ẹni tí ó kọ òfin yìí mọ̀ pé kòkó yàtọ̀ sí iṣu.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1970 fún olùpilẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ̀tọ́ fún 20 ọdún, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí a gbà ní orílẹ̀-èdè kan kò de orílẹ̀-èdè mìíràn. Ìmọ̀ tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti parí, tàbí tí a kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ láti lò ó níhìn-ín. Kò bọ́gbọ́n mu kí ènìyàn máa san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò ní onílẹ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A BÉÈRÈ

Bí a bá gbé àdéhùn ẹ̀yà ọkọ̀ oníná síwájú akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè mẹ́rin ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè.

Èkínní, ta ni ó ṣe ẹ̀yà náà ní ti gidi, ṣé a sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé bí kò tilẹ̀ sí lára ẹ̀rọ? Èkejì, kí ni ó bá ẹ̀rọ wá? Bí kò bá sí àwòrán, ọ̀nà àyẹ̀wò, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀tọ́ láti ṣí àwọn àṣẹ inú kọ̀ǹpútà, atúnkọ̀ṣe tí ó gbọ́n jù lọ ní Adó-Èkìtì yóò dúró tì í bí ẹni tí a ti ìlẹ̀kùn mọ́ síta. Ẹ̀kẹta, ta ni yóò ni àtúnṣe tí a bá ṣe? Ẹ̀kẹrin, bí ẹni tí ó ṣe é bá kógbá wọlé, kí ni yóò kù sí wa lọ́wọ́?

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ti onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Olùkọ́ òfin ní ipa tirẹ̀, olùkọ́ ìṣirò owó ní tirẹ̀, olùkọ́ èdè náà kò sì gbẹ́yìn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni a fi ń so àdéhùn. Èdè Yorùbá ti ya àwọn ènìyàn mẹ́ta sọ́tọ̀ tipẹ́. Alátúntà ń ta ohun tí ẹlòmíràn ṣe. Ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ ń lo ohun tí ẹlòmíràn ni. Ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ mọ̀, títí di ọjọ́ tí ọ̀gá yóò gbé àdúrà lé e lórí, tí yóò sì yọ̀ǹda rẹ̀ níwájú ẹbí àti ará pé kí ó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Kò sí èyí tí ó burú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ó burú ni kí ènìyàn jẹ́ alátúntà fún 20 ọdún, kí ó sì máa rò pé òun ń kọ́ṣẹ́.

Àdéhùn tí ó bá mú ọmọ iṣẹ́ dé ọjọ́ ìyọ̀ǹda ni ó yẹ kí a máa wá. Nígbà náà, bí lọ́rì oníná bá dákẹ́ lórí òkè láàárín Ìkẹ́rẹ́ àti Adó, orúkọ yòówù kí ó wà lára rẹ̀, ẹni tí yóò tún un ṣe kò ní jìnnà.